Ojú Tòkúnbọ̀

Ojú mi kò fọ́. Ẹ má dá Ìyá Ràfátù lóhùn.
Ó kàn ṣe pé lẹ́nu ìrọ̀lẹ́ báyìí
kùkùté àti ìgalà ti ń jọra wọn,
ọdẹ tí kò bá sì mọ kùkùté yàtọ̀ sí ẹran,
ó yẹ kó gbé ìbọn kọ́ àjà.

Mo gun ọ̀kadà láti Pọ̀kà, mo dé ìsọ̀ Sàláwù ní Ẹ̀pẹ́,
níbi tí ẹrù tòkúnbọ̀ ti ń dúró de olówó kékeré:
fáànù aláìlápá, aago tó ti dákẹ́,
àti awò olójú-méjì mẹ́ta lórí pákó,
irú èyí tí í fa ọ̀nà jíjìn wá sórí orúnkún ẹni.

Sàláwù gbé èyí tó tóbi jù lé mi lọ́wọ́.
"Ìlọ́po ogún ni, Bàbá. Ẹ ó rí eṣinṣin ní Ejìnrìn."
Mo gbé e sójú.
Ọ̀sà ń jó. Ọkọ̀ ń jó. Apẹja inú ọkọ̀ ń jó,
kò sì sí ẹni tó ń kọrin.
Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n; awò ńlá a sì máa sọ
ọwọ́ kan tó ń gbọ̀n di ogún ọwọ́.
Ó tún wúwo bí ọmọ tó sùn lọ sẹ́yìn ìyá.
Mo dá a padà.

Èkejì tín-ín-rín, ó wọ àpò, kò ju owó adìẹ méjì lọ.
Mo yí i sí ìmọ́lẹ̀:
ebu ti hu nínú dígí bí irun imú,
ojú ọ̀tún ń wo Ẹ̀pẹ́, ojú òsì ń wo Ìkòròdú.

Ẹ̀kẹta ni kò lẹ́wà. Rọ́bà rẹ̀ ti ṣí létí,
ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi ìṣó ha lẹ́tà méjì sí i níkùn.
Ìlọ́po mẹ́jọ péré.
Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ gbòòrò,
ó ń mu ìmọ́lẹ̀ bí màlúù ṣe ń mu omi.
Mo ní kí Sàláwù jẹ́ kí n dúró títí oòrùn yóò fi wọ̀,
torí ọ̀sán kò mọ awò dán wò.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ti àpótí kan sí mi nídìí.
Ilẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀.
Ní òdìkejì omi, imọ̀ ọ̀pẹ ṣì ń jẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ.
Ó ní ẹgbẹ̀rún márùnlélógójì, mo ní ogún.
A pàdé sí ọgbọ̀n, ó fi okùn ọrùn ṣe ènì.

Ìyá Ràfátù ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún, kí ni mo fẹ́ wò?
N kò fèsì.
Kò sí níbẹ̀ lọ́dún tí Òtúfálé yìnbọn lu ewé tó mì,
tí ewé fi ohùn obìnrin dáhùn.
Itan ni ọta bà. Obìnrin náà yè, ó ń ta ìgbín di òní.
Òtúfálé ni kò yè tán.
Ó ń jẹun, ó ń kí ènìyàn, kò wọ igbó mọ́.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi awò orí ìbọn wá ẹran kiri;
ohunkóhun tí wọ́n bá wò, wọ́n ti na ìbọn sí i ná.
Tèmi, ìbọn á wà léjìká, awò á wà láyà,
awò ni yóò sì máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Kúdírá ọmọ Ràfátù gbé e lọ sẹ́bàá igbó,
ó lo gbogbo òwúrọ̀, ó pa dà pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní orúnkún.
"Bàbá àgbà, ojú agbe pupa."
Ogójì ọdún ni mo ti ń fi agbe súre fún ọmọ ọlọ́mọ,
n kò mọ àwọ̀ ojú rẹ̀.
Mo ní kó gbé awò wá kí èmi náà lọ wò.
Ó ní ó dẹ̀yìn oúnjẹ.